Iná mọ́tò rẹ ti mọ́, Ìyé sì ti rí i

Kàbà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Fẹ́mi mi,

Ọ̀kun o! O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Mo mọ̀ pé ohun tí o ń retí ni iye tí ọkùnrin Ìsánlú tó fẹ́ ra mọ́tò rẹ yẹn san. Kò tíì san kọ́bọ̀. Má tíì bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí WhatsApp. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, o máa gbọ́ ìdajì rẹ̀, o máa fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn, mo mọ̀ ọ́.

Ọkùnrin náà dé lóòótọ́. Ó yí mọ́tò po, ó ta táyà nípàá, ó ní kí n tan ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo ti yá bátìrì mọ́tò ọ̀gá wa sí i. Kò rí nǹkan wí sí ẹ́ńjìnì, kò rí nǹkan wí sí bọ́dì. Ìgbà tó dé iwájú ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, mọ́tò yìí ò ríran mọ́.” Ó fi èékánná họ iná apá òsì, ó ní ẹni tó bá ra Big Daddy yìí, àfi kó máa wà á lọ́sàn-án nìkan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó nìyẹn. Mi ò ní kọ iye tó dá síbí kí o má baà ya lẹ́tà yìí. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé mọ́tò mi kọ́. Mo ní kó lọ, kó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kó wá wo bóyá mọ́tò ò ríran.

Kò kúkú parọ́ o. Iná yẹn ti pọ́n, ó ti ṣú, o ò lè rí gílóòbù inú ẹ̀ láti ìta. Apá òsì ló burú jù. Ibi tí o gbé e sí kí o tó lọ náà ló ṣì wà, tó kọjú sí ilé ìdáná Ìyé, màmá rẹ. Igi máńgòrò ń ṣíji bo apá ọ̀tún, oòrùn ọ̀sán ń pa apá òsì láti ọdún tí o ti lọ. Gbogbo ènìyàn níbí, eruku ọyẹ́ àti tírélà sìmẹ́ńtì ọ̀nà Ọ̀bájànà ni wọ́n ń bú. Eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ ń họ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn gan-an lọ̀tá ẹ̀. Ohun tí à ń pè ní gíláàsì iná yẹn, ike ni, polycarbonate lorúkọ ẹ̀. Òkúta kì í tètè fọ́ ọ, kò sì wúwo, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi pa gíláàsì tì. Àmọ́ ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UV máa ń jẹ ẹ́. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kun nǹkan líle kan sí i lára tó ń bá a gba oòrùn dúró. Tí ìyẹn bá ti bó, ike fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa sán wẹ́wẹ́.

Ìyé ò gbọ́ UV rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i ṣáájú wa. Wọ́n nawọ́ sí Píjò 504 Bàbá tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí koríko ti bo táyà ẹ̀, wọ́n ní, “Ṣebí oòrùn kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì. Wo ojú tèyí.” Òótọ́ ni. Iná 504 ṣì ń dán gbinrin, torí gíláàsì gidi ni. Ẹ́ńjìnì ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ni mo bá ní n óò fọ iná yìí fúnra mi. Ọmọ iṣẹ́ rewáyà ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Ó ní nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń họ nínú, á mú un dán díẹ̀, á sì tún ṣú kí oṣù mélòó kan tó pé. Ẹlòmíì ní kí n fi òróró tí à ń pa sára nítorí ẹ̀fọn nù ún. Fẹ́mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ìyẹn fún ọ ní Kánádà ńbẹ̀, sá fún un. Èyí tó bá ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ DEET nínú lára wọn, ńṣe ló ń yọ́ ojú ike náà. Á dán lójú ọjà, ẹni tó bá rà á á délé, á máa ṣépè. Tó bá sì kán sára ọ̀dà mọ́tò, ó tún lè ba ìyẹn náà jẹ́. Mo ti ń fura pé bí ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ ṣe ń dán níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n nìyẹn.

Èyí tí mo tẹ̀lé ni ti pẹ́ńtà wa ní Odòlú, ẹni tó kun ìlẹ̀kùn rẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn. Ó kí ọ o, ó ní o ṣì jẹ òun. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ iná náà mọ́ tónítóní, kí n wá fi téèpù pépà lẹ gbogbo etí ẹ̀ yí ká, kí n má lọ fá ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, sáńpépà. Kì í ṣe gbígbẹ o, inú omi ni mo rẹ ẹ́ sí. Nọ́ńbà 800 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń fà á lọ fà á bọ̀ lójú kan ṣoṣo, mo ń da omi sí i. Omi tó kọ́kọ́ ń ṣàn sílẹ̀ pọ́n bí omi ògì bàbà. Ó ní tó bá ti di funfun, ohun tó pọ́n ti bó tán nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni 1000, n óò wá fà á ní ìdábùú kí n lè mọ̀ bóyá ilà ti àkọ́kọ́ ti tán. Lẹ́yìn ẹ̀, 1500, lẹ́yìn ẹ̀, 2000. Iṣẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kó pa ojú ọgbẹ́ ẹni tó ṣáájú rẹ́, bí o bá fo ọ̀kan, ilà ẹ̀ ò ní kúrò láé. A ò rí 3000 rà nínú Kàbà. Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti bá mi rà á.

Ibi tó ń dẹ́rù bani ni pé lẹ́yìn sáńpépà àkọ́kọ́, iná náà á burú ju bó ṣe wà lọ. Funfun ni gbogbo ẹ̀, o ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìyé jáde wá da omi ẹ̀wà nù, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọlọ́run má jẹ́ kí ó gbọ́.” Wọ́n wọlé. Mo ń rẹ́rìn-ín, àyà mi sì ń já. Ìgbà tí mo dé 3000 tí mo wá fi kọ́ńpáùn tí wọ́n fi ń dán mọ́tò àti aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún ni ojú ẹ̀ là. Ó ń wá díẹ̀díẹ̀, ibi tí ọwọ́ bá dé ló ń mọ́.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Ó mọ́, wọ́n yọ̀, wọ́n lọ jẹun. Ó sì ti wà ní ìhòòhò nìyẹn, torí o ti fi sáńpépà fá gbogbo ohun tó ń gba oòrùn dúró fún un. Kí ọdún tó yí po, á tún pọ́n. O gbọ́dọ̀ fi kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó ń dènà UV bò ó. A fi sípíríìtì nu ojú ẹ̀ kí ọ̀rá ọwọ́ má ṣẹ́kù, pẹ́ńtà po kílíà tirẹ̀ mọ́ hádénà tó ń mú un le, ó sì fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, ó tún fín òmíràn lé e. Ohun kan tí mi ò fẹ́ràn lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ni pé kò bo imú. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádénà yẹn, ó lè ba èémí ènìyàn jẹ́ títí ayé. Mo sọ fún un. Ó mú ìbòmú aláṣọ ìgbà Kòrónà wá fi hàn mí. Ìyẹn ò lè gbà á, ìbòmú tó ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ wá láti ibòmíràn ló yẹ kó lò. Ó ní Ọlọ́run ń bẹ. Èmi lọ dúró sí òkè afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, mo ń wò ó.

Apá òsì tún ní omi nínú. Sáńpépà ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn, torí ìta ló ń fọ̀. A tú gbogbo iná náà sílẹ̀, a ṣí ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀, a gbé e sí oòrùn títí gbogbo ìrì inú ẹ̀ fi gbẹ, a wá fi sílíkọ́ọ̀nù di ibi tó là. Oòrùn tó bà á jẹ́ náà ló tún bá wa tún un ṣe.

Ìròyìn tó kù: a ti ní ọ̀gá àgbà tuntun nílé ìwé, kò mọ ẹ̀rín, iṣu tuntun ti dé, ó sì wọ́n, orí ilé ṣọ́ọ̀ṣì ti parí, ọ̀rẹ́ wa tó ń ta fóònù ti fẹ́ ìyàwó ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, kò pe ẹnì kankan, ó sì ń bínú pé a ò wá, iná mànàmáná, má bi mí.

Ó yá, ibi tí mo ń sá fún láti òkè nìyí.

Alẹ́ Ẹtì ni mo lọ yẹ iná náà wò. Tó o bá ti tú u, o gbọ́dọ̀ tò ó padà lójú ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nǹkan bí ẹsẹ̀ 25 sí ògiri, kó má lọ máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì. Òkùnkùn biribiri ni gbogbo àdúgbò. Mo tan iná. Ògiri ilé ìdáná funfun báláú, mo rí ewé máńgòrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ láti yí nọ́ọ̀tì ẹ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí, Ìyé ti jáde, wọ́n so ìró mọ́ àyà, wọ́n fọwọ́ ṣíji bojú. Wọ́n ní, “Fẹ́mi? Ṣé ìwọ ni?”

Mo pa iná. Mo ní, “Èmi ni, Ìyé.”

Wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ni?”

N kò mọ ohun tí mo fi dáhùn.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé o ti ń tún mọ́tò ṣe láti òkèèrè torí pé o ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà. Lónìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí mi kú oríire rẹ. Òbúkọ kan ti wà lábẹ́ máńgòrò báyìí. Mo ti so ó jìnnà sí mọ́tò, fọkàn balẹ̀. Ọkùnrin Ìsánlú yẹn ńkọ́? Ọ̀rẹ́ rẹ ni Ìyé pè é. Wọ́n fún un ní ẹ̀pà àti omi tútù, wọ́n ní kó má pẹ́ kó tó tún padà wá. Ó sì ń bọ̀ padà ní Sátidé lóòótọ́, pẹ̀lú owó àti dẹ́rẹ́bà.

Fẹ́mi, èmi ò lè sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé owó yẹn ní ohun tí o fẹ́ fi ṣe, mo mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ, mi ò ní bi ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o pè wọ́n. Sọ pé ò ń tà á, sọ ìdí ẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Kí wọ́n má jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá ojú ilẹ̀ lásán níwájú ilé ìdáná. Bí o bá sì mọ̀ pé o ò ní wá ní Disẹ́ńbà, sọ ìyẹn náà, kí òbúkọ lè mọ ipò ara rẹ̀.

Tàbí kí o tà á fún mi. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí. Ìyàwó mi lóyún, ó ti wúwo, ìlú Ìyàrá ni wọ́n gbé e lọ ṣiṣẹ́, orí ọ̀kadà ló ń bá lọ tó ń bá bọ̀, mi ò sì ń sùn dáadáa. Mi ò ní gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Iye tí ọkùnrin yẹn máa san, n óò fi díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni n óò máa san án títí tó fi máa tán, o mọ̀ pé owó tíṣà ni. Abẹ́ máńgòrò náà ni n óò máa gbé e sí lálẹ́. Mi ò ní wà á lọ ọ̀nà Ọ̀bájànà lóru, bí iná ẹ̀ tilẹ̀ mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó ń rìn ín mọ́ lóru àfi ẹni tí kò lẹ́bí. Bí o bá sì fẹ́ owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sọ bẹ́ẹ̀ láìwojú mi, n óò fà á lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye owó ti yí padà o, iná ti mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́? Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti tẹ̀, ọwọ́ méjì ni mo fi ń yí i. Bó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wà lọ́dọ̀ mi.

Pe Ìyé kí Sátidé tó dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbí ni wọ́n máa ń wà nílé. Kí ìyàwó àti àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Tíṣà.