Ẹ bá mi fi orúkọ Solomon Ilori kún ọ̀rọ̀ Art Blakey

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Art Blakey, onílù jazz ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1990. Inú mi dùn gan-an torí mi ò rò pé ìwé ìròyìn Yorùbá lè ráyè irú ẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe kà á tán, ara mi ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlù nìkan lẹ sọ látòkè délẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ yá, ìlù ẹ̀ ń dún bí àrá. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ tẹ́tí sí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń rántí ẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni bó ṣe tọ́ wọn àti bó ṣe tú wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbó tán.

Onílù lèmi náà, drum set ni mò ń lù, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá n'Ìbàdàn níbí, ó ti lé lógún ọdún. Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1954, ní kílọ́ọ̀bù Birdland ní New York, Blakey gba máìkì ó sì sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lòun máa wà, táwọn tó wà níbẹ̀ yẹn bá ti dàgbà jù òun á wá àwọn mìíràn tó kéré sí wọn, torí ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ òun sùn. Wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú àwo títí dòní. Ẹni ọdún 34 ló sọ bẹ́ẹ̀ o, òun fúnra ẹ̀ ò tíì dàgbà! Clifford Brown ló ń fọn tọ́rọ́ńpẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Horace Silver sì wà nídìí píánò. Òun àti Silver yìí ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ olórin Jazz Messengers sílẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tó di 1956 Silver bá tiẹ̀ lọ, orúkọ ẹgbẹ́ wá kù sọ́wọ́ Blakey títí ó fi kú. Gbogbo ọdún yẹn, ohun tó sọ ní Birdland ló ń ṣe, ọmọ kan ń jáde, ọmọ kan ń wọlé.

Ẹ wo Benny Golson tó wọlé ní 1958. Jẹ́jẹ́ ló máa ń fọn sasofóònù ẹ̀, ohùn ẹ̀ tutù. Golson fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ pé Blakey gbé ìlù ń'lẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó lù ú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò gbọ́ fèrè òun mọ́, nígbà tóun ò tètè mọ ohun tó ń wí, ọ̀gá bá pariwo látẹ̀yìn pé kóun jáde nínú ihò tóun wà yẹn! Ó sì jáde. Àmọ́ ẹ wo apá kejì ẹ̀. Golson yìí kan náà ló tún ẹgbẹ́ yẹn tò, ó kó Lee Morgan, Bobby Timmons àti Jymie Merritt wá, Philadelphia ni gbogbo wọn ti wá bíi tiẹ̀, ọ̀gá sì gbà fún un. Timmons ní ìlà orin kékeré kan tó máa ń fi ṣeré láàárín orin, Golson ní kó jókòó kó parí ẹ̀, ohun tó di Moanin' nìyẹn, orin tí gbogbo ayé fi mọ Blakey. Ọmọ iṣẹ́ ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ orin Messengers, àwọn ọmọ ló kọ ọ́, ó fẹ́ kí wọ́n máa kọ, ó sì máa ń lù ú bíi pé tiẹ̀ ni.

Ọ̀gá tèmi àkọ́kọ́ (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ti dàgbà) ò jẹ́ kí n lu sólò kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́fà. Mo gbé orin kan lọ bá a lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé mo fẹ́ gba ẹgbẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Ìjà la fi túká. Nígbà tí mo wá ń ka ìtàn Wayne Shorter, afọnsasofóònù tó wọ Messengers ní 1959, tí Blakey fi ṣe ẹni tó ń darí orin ẹgbẹ́, tó sì fi í sílẹ̀ ní 1964 lọ bá Miles Davis, afọntọ́rọ́ńpẹ́ẹ̀tì tó lórúkọ, mo jókòó síbẹ̀ mi ò lè sọ̀rọ̀. Tàbí Wynton Marsalis tó ń fọn tọ́rọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún 18 ló wọlé ní 1980, nígbà tó fẹ́ máa lọ òun fúnra ẹ̀ ló dábàá Terence Blanchard pé kó gba ipò òun. Ìlú kan náà, New Orleans, làwọn méjèèjì ti wá. Ọmọ tó bá inú jẹ́ jáde ò ní mú àbúrò wá rọ́pò ara ẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni o. Heroin, oògùn olóró yẹn, wà nínú ẹgbẹ́ wọn, òun gan-an lò ó, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì rí i já bọ̀rọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ náà ò fi pa mọ́.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹ ò dárúkọ Solomon Ilori rárá. Ọmọ Yorùbá! Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, tó ṣí lọ sí New York. Ní oṣù kìíní ọdún 1962 tí Blakey kó àwọn onílù jọ láti ṣe àwo The African Beat fún Blue Note, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jazz jáde, Ilori wà níbẹ̀, ó lu ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ó kọrin, ó tún fọn fèrè kékeré. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìfẹ́ L'ayọ̀, èdè wa pọ́ńbélé, látẹnu Ilori. Curtis Fuller tó jẹ́ afọntròńbóònù Messengers gbé tròńbóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, timpani, ìlù òyìnbó ńlá yẹn, ló ń lù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ilori ṣe àwo tiẹ̀ fún Blue Note kan náà. Kí ló dé tá a máa wá kọ ọ̀rọ̀ Blakey lédè Yorùbá tí ọmọ wa ò ní sí ńbẹ̀?

Blakey tiẹ̀ ti wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lápá ìparí ọdún 1940 sí 1949, ẹ̀sìn ló ní òun torí ẹ̀ wá, kì í ṣe ìlù. Ó gbà ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó di Abdullah Ibn Buhaina, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ ẹ̀ fi ń pè é ní Bu. Síbẹ̀ ẹ wo fídíò ẹ̀, ẹ máa rí i tó ń fi ìgúnpá tẹ awọ ìlù kí ohùn ẹ̀ lè máa lọ sókè sódò. Ohun tí onígángan ń fi osán ṣe lábẹ́ abíyá nìyẹn o, a jọ mọ̀ ọ́n.

Tony Allen náà ńkọ́, onílù Fela, ọmọ Èkó, tó kú sí Paris ní oṣù kẹrin ọdún 2020? Kò sí nínú Messengers rí, ó kàn ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ láti Èkó níbí ni, síbẹ̀ ní 2017, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 75, ó ṣe orin mẹ́rin fún Blue Note láti fi júbà Blakey, Moanin' wà lára ẹ̀. Ó yí ìlù ibẹ̀ padà sí ti afrobeat. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ tó kú, mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ẹ bá mi fi Ilori sí i. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ka ìwé yín bá sì ní àwo The African Beat gan-an, èyí tí wọ́n fi ń sí giramafóònù, kó bá mi sọ fún olóòtú. Orí fóònù nìkan ni mo ní i, ìlù ìsàlẹ̀ ò dún níbẹ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ káwọn ọmọ méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́ ọ kí ẹ̀gbọ́n inú wọn tó kó lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Onílù kan láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn