Wọ́n Ní Ká Wá A, Àpótí Àwárí Wọn Kò Sì Rí Nǹkan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti fi ẹ̀hónú mi hàn sí àwọn tó ń ṣàbójútó gbàgede ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ìwà tí wọ́n ń hù sí àwa tí a ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ti sú mi. Láìpẹ́ yìí ni kọ̀ǹpútà mi yarí, tí kò dá ohunkóhun tí mo bá fi okùn USB so mọ́ ọn mọ̀ mọ́. Mo gbé ìbéèrè mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn gbàgede náà, kò sì pẹ́ rárá tí alábòójútó kan fi tì í pa, tí ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A ti dáhùn èyí rí. Ẹ lo àpótí àwárí." Kò fi ibi tí ìdáhùn náà wà hàn mí, kò sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Mo lo àpótí àwárí náà. Ó ní "USB" kúrú jù, òun kò ní wá a. Ó ní "kọ̀ǹpútà" wọ́pọ̀ jù, òun kò ní wá ìyẹn náà. Nígbà tí ó ti yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò, ó wá sọ fún mi pé kò sí ohun tó bá ohun tí mo ń wá mu, bí ẹni pé ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wá. Mo fẹ́ gbìyànjú ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ná.

Olóòtú, ohun tó fa èyí kì í ṣe àdììtú. Ọ̀pọ̀ gbàgede ló ń kó ọ̀rọ̀ wọn pamọ́ sínú MySQL, ètò kan tí a fi ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá sì lo irú àtẹ tí a ń pè ní MyISAM, kì í ka ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá tó 4 sí, àfi bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá yí òǹkà náà padà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, ọ̀rọ̀ tó bá ti hàn nínú ìdajì àwọn àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ pàápàá kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹ wá wò ó: USB, PDF, RAM, GPS, lẹ́tà 3 ni gbogbo wọn, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń bá ẹ̀rọ jà máa ń tẹ̀. Ìlà kan nínú fáìlì ètò ni wọn yóò tún kọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún atọ́ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò. Wọn kò ṣe é. Àwòrán ẹ̀rín tuntun, àmì ẹ̀yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àti àwọ̀ dúdú fún ojú ewé ni wọ́n ń fi kún un. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Bí àpótí náà bá tilẹ̀ rí nǹkan, ìyà mìíràn ló kù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń to àbájáde bí ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n ṣe tẹ̀léra, tí "ẹ ṣé gan-an" tí ẹnìkan kọ láàárọ̀ yìí yóò fi wà lókè, tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣàlàyé àìsàn ẹ̀rọ náà àti ìwòsàn rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Láti ọdún 1972 ni Karen Spärck Jones, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n nínú àkójọ ìwé ló yẹ kó wúwo ju èyí tó wà níbi gbogbo lọ, orí ìmọ̀ yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwárí dúró lé. Ó ti lé ní ọdún 50 báyìí. Bí ènìyàn bá sì tẹ àbájáde kan, ojú ewé kìíní ìjíròrò náà ló máa já sí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá máa ṣí ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn títí yóò fi bá ìlà tí àpótí náà ní òun rí. Bí ìka ẹni bá ṣèèṣì fo lẹ́tà kan, ó parí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1965 ni Vladimir Levenshtein, onímọ̀ ìṣirò, ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún iye lẹ́tà tó ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, èyí tí ẹ̀rọ lè fi mọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ tẹ̀. Ẹni tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má rí ohun tí ẹni tí kò fi àmì sí i kọ. Kódà, lẹ́tà olámì kan náà lè di méjì lójú ẹ̀rọ, nítorí pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà onírúurú èdè, gba ọ̀nà méjì láàyè láti kọ irú "é", bó tilẹ̀ jẹ́ pé Unicode yìí kan náà ti ṣe ìlànà tí a fi ń sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Ibi tó ti dùn mí jù ni pé wọ́n ní kí a wá a, a kò rí i. A béèrè, wọ́n ti ìbéèrè pa. Bí orí bá sì ṣe ẹnìkan ní rere, tí ó rí ìjíròrò àtijọ́ kan, tí ó béèrè síwájú sí i níbẹ̀, wọn yóò tún bá a wí pé ó ń jí òkú dìde. Kí ni wọ́n fẹ́ kí a ṣe gan-an?

Àwọn kan ní kí a lọ sórí Google, kí a tẹ "site:" àti àdírẹ́sì gbàgede náà mọ́ ohun tí a ń wá. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n Google kò lè wọ ibi tó jẹ́ pé ẹni tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló ń wọlé, ó sì yẹ kí ojú ti onílé pé àlejò ló mọ ibi tí ẹrù wà nínú ilé rẹ̀.

Àbá tèmi kò le. Kí wọ́n fi í ṣe òfin pé alábòójútó tó bá fẹ́ ti ìbéèrè pa nítorí pé wọ́n ti dáhùn rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ fi líǹkì ìdáhùn náà síbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé inú àpótí àwárí gbàgede náà gan-an ló ti rí i, kì í ṣe inú Google, kì í sì í ṣe inú orí ara rẹ̀. Kí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ti ìbéèrè pa má tilẹ̀ ṣiṣẹ́ títí líǹkì yóò fi wọlé. Kí ọ̀rọ̀ tí alábòójútó náà tẹ̀ sínú àpótí hàn sí gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó béèrè lè mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Bí ó bá wá a tì, kí ìbéèrè wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáhùn. Ó dá mi lójú pé wọn yóò tún àpótí náà ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n, nítorí òfin yìí yóò mú kí àwọn fúnra wọn lò ó. Àwọn alábòójútó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n mọ ìdáhùn sórí, wọn kì í fi àpótí náà wá nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mọ̀ pé ó ti kú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ máa ń sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ráyè ti ìbéèrè pa yẹ kó ráyè lẹ líǹkì kan mọ́ ọn.

Yàtọ̀ sí èyí, kí àbájáde máa gbé ènìyàn lọ sórí ìdáhùn gan-an. Kí wọ́n máa yẹ àkọsílẹ̀ àwọn àwárí tí kò rí nǹkan wò. Kí ibi tí a ti ń kọ àkòrí ìbéèrè tuntun sì máa fi àwọn ìbéèrè tó jọ ọ́ hàn wá bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, bí Stack Overflow, gbàgede ìbéèrè àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti Discourse, ètò tí a fi ń kọ́ gbàgede, ṣe ń ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín