Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ obìnrin tí mo tò

Nottingham,
Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn gan-an, kí o sọ fún wọn pé mo rí ìpara tí wọ́n ní kí n bá wọn wá. Àwa náà wà níbí. Òtútù kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ mi kì í kú tipiri mọ́ bí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O fi mí rẹ́rìn-ín títí, o ní kí ló gbé mi dé ìdí àlòkù kẹ̀kẹ́ obìnrin nígbà tí tuntun kún ṣọ́ọ̀bù. Àṣé ìwọ náà ti ń wá tìrẹ kiri! Mo rí fọ́tò kẹ̀kẹ́ Peugeot tí o rí lọ́dọ̀ àwọn onítòkunbọ̀. Kò ṣeé fi ohùn sọ fún ọ bóyá kí o rà á, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Tèmi ná. Raleigh ni, ti ìparí àwọn ọdún 1970, búlúù tó ti ṣá. Obìnrin kan tó ń kó kúrò nílé ló gbé e sórí Facebook, ó sì gba 35 pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N, N yẹn sì ni Nottingham: ìlú tí mo ń gbé yìí gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Láti àwọn ọdún 1880 ni Raleigh ti wà níbí. Òpópónà kan tó ń jẹ́ Raleigh Street ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí oníṣòwò kan, Frank Bowden, tó fi owó sí i tó sì sọ ọ́ di ńlá. Ní 2002 ni wọ́n ṣíwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣíṣe ní ìlú yìí. Yunifásítì ló wà lórí ilẹ̀ fáktírì wọn báyìí, Jubilee Campus ni wọ́n ń pè é. Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, tí wọ́n ń gbé wa jókòó sórí irin àárín rẹ̀ tí ìdí á fi máa ro wá dé ilé, àwọn tó wá láti ibí pọ̀ nínú rẹ̀.

Irin àárín yẹn gan-an ni mo sá fún. Pẹ̀lú rẹ̀, àfi kí o ju ẹsẹ̀ kọjá lókè ìjókòó kí o tó gun kẹ̀kẹ́. Èmi tí mo ń di ẹrù gogoro sẹ́yìn, tí mo sì ń wọ ìró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibo ni n óò ju ẹsẹ̀ gbà? Kẹ̀kẹ́ obìnrin, o kàn máa gbẹ́sẹ̀ kọjá láàárín ni. Àmọ́ oríṣi méjì ló wà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkínní ní irin kan ṣoṣo tó wálẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn, o ó máa gbọ́ ọ lára pé ó ń mì. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní mixte, irin tín-ín-rín méjì ló ní. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn kẹ̀kẹ́, ọ̀kan gba ọ̀tún òpó ìjókòó kọjá, ọ̀kan gba òsì, wọ́n lọ pàdé ibi tí wọ́n ń so wẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn mọ́. Òun ló le. Òun ni mo rà, Peugeot inú fọ́tò rẹ náà sì ni.

Ibì kan wà níbí tí àwọn ará àdúgbò ti ń tún kẹ̀kẹ́ ara wọn ṣe. Wọ́n á yá ọ ní sípánà, o ó sì fi ohun tí o bá ní sínú àpótí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Raleigh rí. Nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ dé, wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀dà ara rẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń fi ìka wọ́ abẹ́ àwọn irin níbi tí wọ́n ti pàdé ní ọrùn kẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti kọlu nǹkan rí, ibẹ̀ ni irin ti máa ń wú, tí ọ̀dà á sì ká jọ. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá tú bóòtù ìjókòó, wọ́n yí ìjókòó sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, ó yí. Wọ́n ní ó ti tó, kí n máa tò ó. Irin ìjókòó tó bá ti lẹ̀ mọ́ inú òpó rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo sùúrù tí Màmá fi tọ́ ọ ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ.

Apá pẹ́dàlì ló fẹ́ ṣe agídí. Láyé ìgbà yẹn, irin kékeré kan tí wọ́n fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n fi ń há a mọ́ ọ̀pá tó wà láàárín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa lù ú ní òòlù, orí rẹ̀ á tẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Bàbá dá nọ́ọ̀tù rẹ̀ padà díẹ̀ kí tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tù ń wé mọ́, má baà bàjẹ́, wọ́n fi páìpù irin ti apá náà nísàlẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n ní kí n di kẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàm! Ó yọ. Gíríìsì inú ibẹ̀ ti gan, èékánná ni mo fi ń họ ọ́ kúrò. Bọ́ọ̀lù irin 11 ló wà lọ́tùn-ún, 11 lósì, mo sì pààrọ̀ gbogbo wọn torí owó wọn kéré. Ṣùgbọ́n ife tí wọ́n ń yí nínú rẹ̀ kò tíì jẹ, mo dúpẹ́, nítorí púpọ̀ nínú Raleigh ìgbà yẹn ní tírẹ́ẹ̀dì tiwọn, ìlà 26 nínú íǹṣì kan, nígbà tí àwọn yòókù ń lo 24. Ife tí wọ́n ń tà níta kò lè wọ̀ ọ́. Mo nu ti tẹ́lẹ̀, mo dá a padà.

Wẹ́ẹ̀lì ni mo náwó sí. Rímù tó bá a wá, irin tí wọ́n fi kúróòmù bò ni. Ó ń dán, ó wuni. Jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, wàá fún bíréèkì títí, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ ní tirẹ̀. Nínú ìlú tí òjò ti ń rọ̀ báyìí, kí n wá máa ti orí òkè Woodborough Road sọ̀ kalẹ̀ lórí rímù irin! Mo ra àlòkù wẹ́ẹ̀lì alumíníọ́mù méjì ní 30 pọ́n-ùn, pẹ̀lú eyín tí ṣéènì ń wé mọ́ lẹ́yìn. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 27 íǹṣì, èyí jẹ́ 700C. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ibi tí táyà ń jókòó sí jẹ́ mìlímítà 630 fún ti tẹ́lẹ̀, 622 fún èyí, táyà ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì. Rọ́bà bíréèkì ní láti sún wálẹ̀ ní mìlímítà 4 kó tó lè bá rímù. Ààyè tó wà lára bíréèkì tó o. Ààyè tí wẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ń wọ̀ lára fírémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, fẹ̀ ní mìlímítà 120, wẹ́ẹ̀lì fẹ̀ ní 126; irin ni fírémù, mo fi ọwọ́ méjèèjì yà á díẹ̀, ó wọlé. Má dán ìyẹn wò lára fírémù alumíníọ́mù.

Táyà, tíúbù, ṣéènì, wáyà bíréèkì àti rọ́bà rẹ̀, gbogbo wọn ni mo rà ní tuntun. Mo yọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ká bí ìwo àgbò, mo fi gbọọrọ tí mo rí nínú páálí àlòkù wọn rọ́pò rẹ̀. Lápapọ̀, nǹkan bí 130 pọ́n-ùn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n kùn ún. Ọ̀dà wo? Ọ̀dà kì í dá kẹ̀kẹ́ dúró, olè pàápàá á sì wò ó, á kọjá.

Ó yá, Peugeot tìrẹ. Mo tẹ fọ́tò yẹn tóbi: pẹ́dàlì ọ̀tún kò sí níbẹ̀, ṣéènì sì ti dípẹtà. Ṣéènì kò ṣòro. Pẹ́dàlì ni kí o bẹ̀rù. Púpọ̀ nínú Peugeot tí wọ́n ṣe ní Faransé ṣáájú àwọn ọdún 1980, ihò pẹ́dàlì wọn jẹ́ mìlímítà 14. Èyí tí wọ́n ń tà kárí ayé jẹ́ 9/16 íǹṣì, tó fi táńtán ju 14 lọ. Á fẹ́ wọ̀, kò sì ní wọ̀. Bí ẹni tó ń ṣe é fún ọ bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ṣeé ṣe. Bí kò bá ní, tó bá ní òun á fi agbára wé e, gba kẹ̀kẹ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mìíràn: ife ọ̀tún ti Raleigh, sódì ló ń tú. Ti àwọn Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ Raleigh bí ẹní mowó á rò pé òun ń tú u, á sì máa dè é mọ́ ara rẹ̀ ni. Kódà òpó tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jókòó lé jẹ́ mìlímítà 22 géérégé, ti àwọn yòókù jẹ́ 22.2.

Èmi, bí Peugeot bá pé, tí gbogbo nǹkan ara rẹ̀ ń yí, mo máa rà á láìronú. Èyí tí nǹkan kù lára rẹ̀, àfi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Torí náà, ìdajì iye tí ọkùnrin yẹn pè, má kọjá ibẹ̀. Kí o tó san án, fi ìka wo abẹ́ ọrùn rẹ̀ bí mo ṣe sọ, kí o yí ìjókòó wò. Ka eyín tí ṣéènì ń wé mọ́ níwájú àti lẹ́yìn pẹ̀lú, nítorí òkè Abẹ́òkúta. Bí eyín ti kékeré iwájú bá jẹ́ 40, tí ti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì jẹ́ 28, bí o bá yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, wẹ́ẹ̀lì kò ní yí tó ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, ìyẹn á gbé ọ gun Ìtòkò pẹ̀lú ẹrù.

Àbúrò mi ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, ààyè ṣì wà nínú àpò rẹ̀ fún táyà méjì àti ṣéènì. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ, wàá rí nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ìlà kékeré yà sọ́tọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn, tó ní dígíìtì mẹ́ta, ni mo ń fẹ́: 622 tàbí 630, tàbí ohunkóhun tó bá jẹ́. Fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, torí ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ lọ rà á.

Kí àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́

Àfikún: Bí ọkùnrin yẹn bá ní òun ní pẹ́dàlì òsì kan tí òun lè fi sí ọ̀tún fún ọ, rẹ́rìn-ín músẹ́ kí o máa lọ. Tírẹ́ẹ̀dì òsì ń yí sódì.