Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré, alàgbà àkọ́kọ́ nínú ìjọ wa

Bàbá Kékeré,

Okun o. Ìgbìmọ̀ ìtàn ìjọ ló fa lẹ́tà yìí. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ orúkọ yín sára mábù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní èmi ni mo sún mọ́ yín jù, kí n kọ ojú ewé kan. Mo kọ ìlà méjì, bírò bá dúró.

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò le. Pé ẹ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Hope Waddell ní Kàlàbá, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland dá sílẹ̀ ní 1895. Pé ibẹ̀ lẹ ti di ọmọ ìjọ Presbyterian, tí ẹ ń sọ Ẹ́fíìkì bí ẹni tí wọ́n bí sétí odò. Pé nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ẹ kó irinṣẹ́ yín sínú àpótí, ẹ padà sí Kàbà. Áńgílíkà ti wà níbẹ̀, Kátólíìkì ti wà níbẹ̀. Apá Yàgbà lọ́hùn-ún, míṣọ́nnárì kan, Titcombe, ti gbin ìjọ SIM sí Ẹ̀gbẹ̀ láti 1908. Kò sẹ́ni tó ń wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ò lè yí padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìsìn nínú pálọ̀, ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Ṣọ́ọ̀ṣì Kàlàbá ni àdúgbò ń pè é.

Àwọn Abiriba, àwọn Ìgbò tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló sọ pálọ̀ di ìjọ. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbọ́ pé Presbyterian wà níbí, wọ́n sì kó ìyàwó àti ọmọ wá. Ẹyọ agùnbánirọ̀ kan láti Ohafia á tún dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ́ wa lórin. Mo fẹ́ kí èyí wọ inú ìwé, nítorí àwọn èèyàn wa ti ń sọ ọ́ bíi pé àwa nìkan la dá a kọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín kò fẹ́ kí á máa pè yín ní olùdásílẹ̀. Ẹ ní kò sí bíṣọ́ọ̀bù nínú Presbyterian, kò sì sẹ́ni tó ni ìjọ. Àwọn alàgbà àti pásítọ̀ ló ń jókòó, wọ́n á jiyàn, wọ́n á dìbò. Ẹni tí wọ́n bá sì ti gbé ọwọ́ lé lórí di alàgbà títí ọjọ́ ikú, kò dàbí iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì.

Ṣé ẹ rántí ìtàn òjé tí ẹ máa ń sọ fún wa? Pé ní Scotland láyé àtijọ́, bí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á yẹ àwọn ọmọ ìjọ wò, ẹ̀kọ́ wọn àti ìwà wọn. Ẹni tó bá yege, wọ́n á fún un ní òjé kékeré pẹlẹbẹ. Ẹni tí kò bá ní òjé lọ́wọ́ kò ní dé ìdí tábìlì. Ẹ fẹ́ràn ìtàn yẹn. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí mi ò tíì mọ ẹni tó máa kàn.

Ìyàwó kejì ni ìyá mi. Bàbá mi tó kó obìnrin méjì jọ kò dé ṣọ́ọ̀ṣì rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyá mi tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé ni ìbáwí bá. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè 107 inú katikísìmù kékeré wà lórí rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ti ń gbọ́ wọn, níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ wọ ìjọ.

Ẹ̀yìn pátápátá la máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, ó ró aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó fà mí lọ́wọ́, a jókòó sí àga kẹrin láti iwájú. Mi ò bi í pé kí ló dé. Nígbà tí ẹ gbé àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ wa, ó na ọwọ́. Ẹ gbé àwo ga díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó kan ọmọdé lórí, ẹ sì nà án sí ìyá Abiriba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá yẹn kò tètè mú un. Ó wo ìyá mi, ó wò yín, kó tó mú un. Ọwọ́ ìyá mi ṣì wà lókè. Ìgbà tó yá ló fi tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, kọ́là tí kò wọ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ gbé iṣu wá, iṣu ńláńlá, irú èyí tí wọ́n ń gbé fún àna. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ ṣeun.” Orúkọ tó fi ń pè yín nìyẹn látìgbà tó ti wọlé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó gún iyán náà, a jẹ ẹ́. Ọdún yẹn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé ìwé mi, ẹ sì san án dópin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu bi yín léèrè?

Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ rán mi sí ìyá mi pé ọ̀nà ti là báyìí, opó lè jẹun. Ó ní kí n kí yín, pé òun ti yó. Ó wà láyé lẹ́yìn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì na ọwọ́ mọ́.

Ìjọ yín kò kún mọ́, Bàbá. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ àwọn Abiriba ti gba Àbújá lọ. Nítorí àwọn ajínigbé, ìsìn ìrọ̀lẹ́ ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé lè tètè délé. Owó oṣù mi kì í délé tán kí gbèsè tó gbà á. Tábìlì ìrókò tí ẹ kàn ṣì le koko, òrùlé orí rẹ̀ ló ń jò.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń lé oorun lójú mi. Ọmọ mi, ọmọ-ọmọ yín tó máa ń sùn sẹ́yìn yín, ti lóyún ní Lọ́kọ́ja. Ọmọkùnrin náà kò tíì wá mọ ilé, kò sì jọ ẹni tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ alàgbà fẹ́ jókòó lórí rẹ̀: kó kúrò nídìí tábìlì, kó lọ jókòó sẹ́yìn. Alàgbà méjì ti wá bá mi nílé pé kí n fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí. Wọ́n ní ẹ ò ṣojúsàájú, àní sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín pàápàá. Wọ́n rántí àwo yẹn! Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìtàn tiẹ̀ ní kí n má gbàgbé láti fi sínú ìwé, pé àpẹẹrẹ rere ni.

Màá kọ ọ́. Màá kọ ti àwo, màá kọ ti iṣu, màá sì kọ èsì tí ìyá mi rán mi sí yín. Tí wọn ò bá lè tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n dá ojú ewé mi padà.

Ọmọ náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ìjókòó di Sátidé. Pásítọ̀ ní kí n má wá, pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí jù. Mo sọ fún un pé alàgbà ni mí, mo ń bọ̀, mo sì máa dìbò.

Èmi ọmọ yín.