Ìkéde fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́: ìgbẹ́ adìẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìgbẹ́ adìẹ tí a jọ dáwó rà yóò dé láàárọ̀ Sátidé. Kí kálukú mú àpò àti ṣọ́bìrì wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dà á sórí ebè ní tútù. Ó máa ń jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Ẹ kọ́kọ́ pò ó pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, koríko àti èèpo iṣu: bí ìgbẹ́ bá jẹ́ bárò 1, kí ewé gbígbẹ tó 2 tàbí 3. Ẹ wọ́n omi sí i. Tí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ fún un, kó tutù lọ́wọ́ bíi kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀, kó má ṣàn. Inú òkìtì náà á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè pẹ́ níbẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa èso èpò àti kòkòrò àìsàn. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Tó bá fi máa tó oṣù 3, á ti dúdú, á kúnná, òórùn rẹ̀ á lọ. Ìgbà yẹn ló tó fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú.

Ẹ má fi ìgbẹ́ ajá tàbí ti ológbò sí i rárá.

Ó ń dùn mí gan-an bí a ṣe ń dáná sun ewé lẹ́bàá ọgbà: oúnjẹ ilẹ̀ la ń sun yẹn. Ẹ bá mi kó o wá.

Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.