Lẹ́tà Táàmù Kẹta sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú òjò àkọ́rọ̀. Àwọn ọmọ ti wọlé. Ṣòkòtò àwọn kan ti fò sókè kọjá ọrùn ẹsẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹni pé ajílẹ̀ lẹ fi ń bọ́ wọn nílé.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi díẹ̀. Ọdún 23 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS, mo sì bí mẹ́ta. Nígbà tí àbúrò pátápátá wà ní JSS2, nóòtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Olùkọ́ á kọ 8, òun á kọ 3. Á fo ìlà, á dá gbólóhùn dúró láàárín méjì. Mo bá a wí títí, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pè é jókòó ní pálọ̀, mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" Ó ní, "Kò sí nǹkan, mà." Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún 12 nílé mọ "kò sí nǹkan" yẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí iná lọ, tí a gbé láńtà sílẹ̀, tí èmi àti ẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kankan ní nǹkan. Ó kàn ṣàdédé ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn máa ń rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó ni?" Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún kan gbáko lọmọ yìí ti ń wo ìwé ẹni tó jókòó tì í kọ. Ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Èmi tí mò ń jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dalẹ́!

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ padà. Ọmọ ọdún 10 sí 14, tí ẹ bá kojú sí i, á padé bí ìgbín. Ẹ fún un níṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ń ṣe, kí ojú yín méjèèjì wà lára iṣẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹ kò bèèrè. Táàmù tó kọjá, ọmọkùnrin kan ń sá fún ìṣirò. Mi ò pè é sí ọ́fíìsì. Mo ní kó wá bá mi to ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí a tó to ìlà kejì tán, ó ti sọ pé láti praimárì ni ọ̀rọ̀ ìdajì àti ìdá mẹ́rin ti ń dà á lórí rú. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ń ta gàárì, òun ló sì ń wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́! Olùkọ́ ìṣirò gbé kọ́ńgò àti agolo mílíìkì wá sí kíláàsì, ọmọ náà ló dúró níwájú tó ń ṣàlàyé fáwọn yòókù. (Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí n tó kọ èyí.)

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ má fi ọmọ sí lẹ́sìnnì. Àmọ́ ọmọ tó ń lọ lẹ́sìnnì láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ìgbà wo ló fẹ́ bá yín já ẹ̀fọ́? Ẹ̀yin bàbá, ẹ pè é kó bá yín fọ mọ́tò. Kó BÁ yín fọ̀ ọ́ ni mo wí o, kì í ṣe kí ẹ jókòó sórí àga máa pàṣẹ.

Àwọn kan sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn kò dá ṣáká, àwọn kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ nínú àsáìnmẹ́ǹtì. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún un. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì fún ọdún 6 gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ó yẹ ojú gbogbo ọmọ wò. A ó lẹ káàdì lẹ́tà mọ́ ògiri, ọmọ á dúró ní mítà 6, á fi ọwọ́ bo ojú kan, á kà á. A kì í ṣe dókítà. Ẹni tí kò bá rí i kà, a ó fún un ní ìwé wá fún yín kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọmọdé kì í lo awò ojú.

Àwọn JSS3 ní ìdánwò BECE níwájú: kí wọ́n wà ní kíláàsì kí aago méje àbọ̀ tó lù. Ẹ kọ orúkọ sínú súwẹ́tà àti agboòrùn. Èyí tó sọnù táàmù tó kọjá ṣì kún àpótí kan ní ọ́fíìsì mi. Fóònù kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ilé-ìwé.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò wáyé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ̀gúsí tí a ó fi se ọbẹ̀ fún àwọn JSS3 tó ń jáde ti wà nílẹ̀, a kò tíì bó o. Àtẹ ni ẹ ó bá níwájú àga yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé