Ẹ̀yin Ọmọ Ìlú, Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀kọ́ Ìlera Ọpọlọ Yìí Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nílé àti lẹ́yìn odi, a kí yín o.

Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré la ṣe ẹ̀kọ́ náà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, ó sì dáwọ́ dúró. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ń béèrè ìgbà tí a tún ń bọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ tó ní wárápá wá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń gbé e ká ilé àdúrà, tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a jẹun pọ̀, nítorí wọ́n ní itọ́ rẹ̀ á ràn wọ́n. Ó ti ń lo oògùn báyìí, ó sì ti padà sílé-ìwé. Ṣé irú èyí la fẹ́ kó dúró?

Ní ti owó ẹ̀kọ́ náà tó kọjá, tí àwọn kan ń sọ pé a jẹ, ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ ò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta tó lọ gba ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àwòrán ara ògiri la fi ṣe. A gbà pé a pẹ́ ká tó ka ìṣirò náà sétí ìpàdé, ẹ má bínú. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá wò ó, kó yé sọ ọ́ kiri lórí WhatsApp.

Ènìyàn 46 ló nàwọ́ lọ́jọ́ àyájọ́ ìlú pé àwọn á dáwó fún ẹ̀kọ́ yìí, tí àyàn fi ìlù kì wọ́n. Ènìyàn 17 ló san. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló gbọ́ ìlù yẹn. Láti ìgbà náà, ẹlòmíràn nínú yín ti ṣílé, ẹlòmíràn ti ṣòkú bàbá rẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. A wá, a jẹ, a bá yín yọ̀. Ìlérí tí ẹ fẹnu ara yín ṣe nìkan ni ò jáde.

Ìlú òdìkejì odò, tí ilé ìwòsàn wọn ò tó tiwa rárá, ń ṣe tiwọn ní gbogbo Ọjọ́rú. Wọ́n ti gbé e dé ọjà, dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn pásítọ̀. Àwọn aya ilé wa ń sọdá lọ gbọ́ ọ! Àwa tí àwọn òbí wa fi orí ru búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìwòsàn! Àwa tí mọ́tò kì í rìn tó wákàtí kan kó tó gbé wa dé Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ti fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé láti 1954, tí gbogbo ayé sì wá ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní 2023, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ṣì wà lẹ́sẹ̀ aláìsàn ọpọlọ kan ní àdúgbò wa bí a ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan kí ẹ̀kọ́ náà lè padà nìyí: Ará ilé, ₦10,000. Èkó àti Ìbàdàn, ₦20,000. Òkè òkun, £50. Àkáùntì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san án sí. Ẹ kọ orúkọ àti ẹ̀ka yín, kí ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí akápò kí oṣù yìí tó parí.

Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀, a ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwọn ìyá pé Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́mọ pọ̀n wá bá ilẹ̀kùn tí a tì.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́